Àlejò Inú Ògiri

Ní ilé alámọ̀ Satunina, ní àfonífojì Misike,
ògiri lanu,
ṣùgbọ́n kì í ṣe aláǹgbá ló wọ ibẹ̀.
Finṣúka ni wọ́n ń pè é.
Kì í kùn bí ẹ̀fọn, kì í ta ni bí oyin.
Ó ń dúró kí fìtílà kú,
kí èémí ọmọ máa lọ, kó máa bọ̀:
èémí yẹn ló ń tọ̀ wá.

Ètè ló fẹ́ràn, àti ìpéǹpéjú.
Ó rọra ki ẹnu bọ̀ ọ́, ọmọ ò jí,
ó mu títí ikùn rẹ̀ fi rí bí èso àjàrà.
Àlejò mìíràn a jẹun tán, a dúpẹ́;
èyí yí ìdí padà, ó ṣu síbi tó ti jẹ.
Ara yún ọmọ. Ó fọwọ́ ra á lójú oorun.
Ọwọ́ ara rẹ̀ ló ṣílẹ̀kùn fún àrùn.

Ogún ọdún kọjá.
Kasimiro gbé àpò ọ̀dùnkún gun òkè,
ó jókòó lójijì.
Dókítà ní ọkàn rẹ̀ ti tóbi jù.
Satunina rẹ́rìn-ín: “Láti kékeré ni.
Ẹ bi àwọn adìyẹ tó ń fún lóúnjẹ rẹ̀.”

Lálẹ́, ó gbé fìtílà sún mọ́ ògiri,
kò sì pa á mọ́.