Oòrùn Kejì

Ẹ̀yìn kàlẹ́ńdà èṣí ni mo yà á sí,
kàlẹ́ńdà ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù Òkè-Baálẹ̀.
Alága wọn dojú bolẹ̀ lórí tábìlì,
òun àti fìlà rẹ̀, òun àti ẹ̀rín fọ́tò,
kò mọ̀ pé ayé kan ń bẹ̀rẹ̀ lẹ́yìn òun.

Pẹ́ńsù kan. Rọ́bà kan tí eyín ọmọdé ti jẹ létí.
Ẹlú díẹ̀ nínú ìdérí ìgò,
tí aláró kan bù fún mi ní Ìsàlẹ̀ Ọ̀ṣun,
tó ní kí n má fi ta á lẹ́nu pé aṣọ wo ni mo fẹ́ rẹ.
Mo ní ojú sánmà ni. Ó ní kí n máa lọ.

Mo fa ìlà kan, ó di òkè.
Mo fa òmíràn, ó di àfonífojì
tí odò kankan ò là kọjá rí,
tí ewúrẹ́ kankan ò sọ̀ kalẹ̀ sí.
Ilẹ̀ ibẹ̀ gbọ́dọ̀ pupa,
kì í ṣe pupa epo, kì í ṣe pupa osùn.
Ìpẹtà ni ọkàn mi ń fẹ́.
Mo lọ sí ẹ̀yìn ọgbà ilé-iṣẹ́ irin Òṣogbo,
mo fi ọ̀bẹ ha ara ọ̀pá kan tí koríko ti bò,
mo pò ó mọ́ gọ́ọ̀mù, mo tẹ́ ẹ sílẹ̀.
Bàbá mi ń kọjá lọ, ó tẹ ìka bọ̀ ọ́,
ó gbé e sí imú.
Ogún ọdún ló fi wọlé, tó fi jáde ní gééètì yẹn.
Kò sọ nǹkan kan.
Ó pẹ́ nídìí omi tó ti lọ fọwọ́.

Tìámíyù, ọmọ ẹ̀gbọ́n mi, fi àgbọ̀n lé etí tábìlì.
“Ta ló ń gbé ibẹ̀?”
Kò séèyàn.
“Ta ló wá ń gbálẹ̀ ibẹ̀?”
Mo ní kó lọ mu omi.
“Oòrùn mélòó ni wọ́n ní?”
Méjì.
“Tí ọ̀kan bá wọ̀, ṣé wọ́n á ṣì ní kí ọmọdé lọ sùn?”

Oòrùn méjì yẹn gan-an ló dá mi lágara.
Àpáta tí mo gbé sáàárín,
ibo ni kí òjìji rẹ̀ ṣubú sí?
Mo nà án sósì, ó dà bí ìrọ̀lẹ́ nídìí rélùwéè.
Mo nà án sọ́tùn-ún, ó dà bí àárọ̀ ní Ìgbọ̀nà.
Ilé ni gbogbo rẹ̀ ń jọ.
Mo pa á rẹ́, mo tún un fà, mo pa á rẹ́,
títí bébà fi fẹ́lẹ́,
tí fìlà alága ń hàn fírífírí lójú sánmà mi.

Ìgbà náà ni wọ́n mú iná lọ.
Mo tan àbẹ́là.
Màmá Ọ̀ṣúnníyì ti yàrá kejì na tọ́ọ̀ṣì wọlé,
ó ń tọrọ ìṣáná.
“Ẹ dúró bẹ́ẹ̀, mà. Ẹ má mira.”
“Ṣé ejò ni?”
Ife tíì orí tábìlì ti ní òjìji méjì:
ọ̀kan gùn, ó rẹ̀, ó ń gbọ̀n bí àbẹ́là ti ń gbọ̀n;
ìkejì kúrú, etí rẹ̀ mú bí abẹ;
níbi tí wọ́n ti gun ara wọn, dúdú ju dúdú lọ.
“Rárá, mà. Oòrùn kejì ni yín.”
Ó kùn, ó ní apá ń ro òun,
ṣùgbọ́n kò sọ apá náà kalẹ̀.
Mo yà á, mo yà á, ọwọ́ mi ń sáré.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, mo rí i:
ẹnìkan ti fi pẹ́ńsù mi fi ọwọ̀ kan ti àpáta,
ọwọ̀ wíwọ́, tó fẹ́ ga ju òkè lọ,
òjìji ẹyọ kan péré ló ní.
Mo mú rọ́bà.
Mo wo ojú Tìámíyù lórí ẹní.
Mo gbé rọ́bà sílẹ̀,
mo sì fa òjìji tó kù.