Ọmọ Odó Ìta

Ìta ni wọ́n ń pe igi náà, ìta náà ló sì wà,
lẹ́yìn ilé wa ní Ìjọ́ka, níbi tí ògiri amọ̀ ti wó.
Èso rẹ̀ ò tó orí ìka,
awọ ni, kóró ni, ohun tó wà láàárín méjèèjì ò tó nǹkan.
Àdàbà a gbé e mì láìwẹ̀yìn.
Àwa ọmọdé a fi sẹ́nu, a lá a títí adùn rẹ̀ á fi tán,
a ó wá fi kóró ta ara wa lórí.

Nígbà tí wọ́n ní títì máa gba ẹ̀yìnkùlé kọjá,
Ògúnṣakin agégi dé láàárọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun.
Ṣéènì ẹ̀rọ rẹ̀ já lẹ́ẹ̀kan, ó já lẹ́ẹ̀kejì.
Inú igi funfun bí eyín ọmọ ọwọ́,
òórùn rẹ̀ sì burú tó bẹ́ẹ̀
tí ìyàwó pásítọ̀ ilé kejì fi ti fèrèsé.
“Igi burúkú! Kò ṣe é fi kan òrùlé,
iná nìkan ló mọ iyì rẹ̀.”

Yèyé mi Ìbíyẹmí ò dá a lóhùn.
Ó wọn ẹ̀ka kan, láti ilẹ̀ dé èjìká ara rẹ̀.
“Gé èyí fún mi. Máa kó ìyókù lọ.”
Oṣù mẹ́ta ló fi wà lórí àjà, nínú èéfín.
Òórùn lọ. Ìwúwo ò lọ.

Uṣu tó ti gún, ta ló kà á?
Ti òkú bàbá mi, tí a gún mọ́jú
títí àtẹ́lẹwọ́ Àyọ̀ká fi bó.
Ti ọ̀sẹ̀ tí ẹnikẹ́ni ò bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀ nínú ilé,
tó jẹ́ igi nìkan ló ń fọhùn.

Lọ́dún tó kọjá mo ra ẹ̀rọ ìgúnyán.
Yèyé jẹ òkèlè kan, ó fọwọ́ nù.
“Ó dùn. Àmọ́ kò sí ẹni tó gún un.”

Lánàá mo gbé ọmọ odó náà nàró tì í.
Kò kan èjìká mọ́, àyà ló mọ,
bẹ́ẹ̀ Yèyé fúnra rẹ̀ ti sún kì.
Mo ní níbo ni ìyókù igi wọlé sí?
Ó wò mí, èmi tí mo kàwé.
“Ẹ ti jẹ ẹ́. Gbogbo yín lẹ jẹ ẹ́.”

Mo fi ahọ́n ká eyín mi,
bí ẹni tó ń wá kóró.