Níbi Tí A Ti Ń Pe Ewé Lórúkọ

Sàmárù ni, lẹ́bàá Sáríà. Ọyẹ́ ti họ ètè gbogbo wa.
Nínú yàrá ewé gbígbẹ, a lẹ òdòdó mọ́ páálí,
a kọ orúkọ ìdílé sí i lẹ́sẹ̀:
orúkọ gbọọrọ, kò ní àmì ohùn kan ṣoṣo.

Èmi ọmọ Ọ̀fà, tí wọ́n kọ́ láti kékeré pé
bí mo bá ṣi òwú pè, owú ni n ó ran,
bí mo bá ṣi ilá pè, mo ti kọlà sójú ọbẹ̀,
báwo ni n ó ṣe yanu sí Malvaceae?
Dò ni, àbí mí?

Ọ̀jọ̀gbọ́n Wàkílì ní, "Malifakéáyì,"
ó gbé ọwọ́ láyà bí ẹni ń búra.
Dókítà Ńdàgí ní, "Malifésíì,"
ó gé ìrù rẹ̀ bí ìrù alángbá.
Wọn ò kíra wọn fún ọjọ́ mẹ́ta.

Málàm Gàmbò tó ń gbálẹ̀ yàrá náà
(ì bá máa jẹ́ Ìdòwú, ká ní ọ̀dọ̀ wa ni wọ́n bí i sí)
ní ọbẹ̀ ni, aṣọ ni,
ká pe ìyá wọn bó ṣe wù wá.

Baálé èdè yìí ti kú tipẹ́.
Kò sí ìyá arúgbó lẹ́nu ọ̀nà ibì kankan
tí yóò gbọ́ wa, kó ní, "Ọmọ, o ṣì í pè."
Koríko ló kù tó ń gbélé rẹ̀.

Lọ́jọ́ ìdánwò, ó kan Bítúrúsì ará Zonkwa,
akólòlò, tí orúkọ ara rẹ̀ máa ń há sí lọ́fun
ní Haúsá, ní Gẹ̀ẹ́sì, ní èdè ìyá tó bí i.
Wọ́n gbé ewé dóńgóyárò síwájú rẹ̀.
"Meliésíì."
Máńgòrò ńkọ́? "Anakaadiésíì."
"Kọmburetésíì," kí wọ́n tó bi í pàápàá.
Ó ń tú jáde bí omi ẹ̀rọ.
Àwọn ọ̀gá méjèèjì gbàgbé ọ̀rọ̀ ìrù.

Mo bi í níta pé báwo. Ó bá ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ jìjàkadì títí:
"K-k-kò sẹ́ni tó f-fi í nà mí rí."

Lálẹ́ mo pe màmá mi. Ó ń rẹ́ ilá.
Mo ní, "Malifakéáyì,"
mo gbóhùn sókè níbi tó wù mí.
Ó dákẹ́ díẹ̀.
Ó ní, "Àmín."