Ohun Tó Wà Lẹ́nu

Sabina, fa àga rẹ sún mọ́ iná.
Aago mẹ́ta òru ti lù, òtútù Potosí ń yọ́ gba abẹ́ ilẹ̀kùn wọlé.
Wọ́n ní kí n kọ́ ọ níṣẹ́ kí n tó fẹ̀yìn tì.
Ìwé tí wọ́n fún ọ kò burú,
ṣùgbọ́n ìsàlẹ̀ ni wọ́n ti kọ ọ́, níbi tí afẹ́fẹ́ ti pọ̀ bí omi.
Níhìn-ín, lẹ́bàá òkè tí wọ́n gbẹ́ fàdákà rẹ̀
títí inú rẹ̀ fi dà bí eyín tí kòkòrò jẹ,
afẹ́fẹ́ ṣọ̀wọ́n bí owó oṣù wa.
Nítorí náà, ẹni tí a bá fẹ́ kùn lóorun,
ọ́síjìn ni kó kọ́kọ́ fà símú, ìṣẹ́jú mẹ́ta gbáko,
kí ìbòmú lẹ̀ mọ́ ọn lójú pẹ́kípẹ́kí.
Oúnjẹ ọ̀nà là ń dì fún un.
A ò mọ bí ọ̀nà ọ̀fun rẹ̀ yóò ti pẹ́ tó kí a tó rí i.

Jẹ́ kí n sọ ti Don Casimiro fún ọ.
Awakùsà ni, ọgbọ̀n ọdún nínú ihò; ìfun rẹ̀ ló lọ́ pọ̀.
Mo ní, "Orúkọ yín?" Ó dáhùn.
"Ẹ jẹun?" "Láti àná, n kò fi nǹkan kan kan ẹnu."
Mo kọ ọ́ sílẹ̀. Eyín méjì ló ń mì lókè.
"Kí ni ara yín kì í gbà?"
Ó rẹ́rìn-ín: "Iṣẹ́ nìkan."
Dókítà Arancibia ti fa oògùn funfun bíi wàrà sínú abẹ́rẹ́
kí n tó rí ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ òsì,
tó wú díẹ̀, bíi ti ọmọ tó fi ẹ̀pà pamọ́.
"Dókítà, ẹ dúró!"
Mo ti ìka bọ̀ ọ́ lẹ́nu:
ewé kókà, ìṣùpọ̀ tútù, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ẹyin ẹyẹlé.
"Bàbá, ẹ ní ẹ ò jẹun!"
"Ṣé ewé wá ń jẹ́ oúnjẹ, ọmọ mi?"

Òótọ́ ló sọ. Èmi ni n kò mọ ìbéèrè é bi.

Bí oògùn bá ti ń wọlé, pa ẹnu mọ́.
Kí ẹ̀rọ ìfamitọ́ ti máa kùn lábẹ́ ìrọ̀rí.
Má sọ̀rọ̀ ọjà, má sọ ti ọkọ rẹ, má jẹ́ kí abọ́ irin já bọ́.
Ojú ló ń kọ́kọ́ lọ, ahọ́n a tẹ̀lé e;
etí ló ń kẹ́yìn jáde nílé, òun ló ń tilẹ̀kùn.
Bí dókítà bá ní "tẹ̀ ẹ́", tẹ ọrùn níbi tó le bí òrùka,
má sì ṣíwọ́ títí yóò fi ní kí o ṣíwọ́,
bí imú tilẹ̀ ń yún ọ.
Ọ̀pá wọlé? Wo àyà, ọ̀tún àti òsì.
Òórùn gáàsì náà dùn díẹ̀, bí èso tó fẹ́ kẹ̀;
oorun tó ń mú wá kò lálàá.

Láti ìgbà yẹn, ìwọ ni ara rẹ̀.
Kò lè pa ojú dé fúnra rẹ̀. Kò lè gbọ̀n.
Ìgbúnwọ́ rẹ̀ ń ro ó, kò lè wí.
Ẹ̀rọ tó ń ka ẹ̀jẹ̀ ní ohùn:
bí ohùn náà bá kúrò lókè, tó dé àárín, tó ń forí lé ìsàlẹ̀,
etí rẹ ni kó kọ́kọ́ mọ̀, kì í ṣe ojú.
Oorun ò jìnnà sí ọ̀run, Sabina.
Àmì kékeré ló wà láàárín wọn.
Ìwọ ni àmì náà.

Oòrùn ti ń kan orí òkè nígbà tí Don Casimiro la ojú.
Kò béèrè ìfun. Kò béèrè ìyàwó.
"Ewé mi ńkọ́?"
Mo ní mo ti dà á nù.
Ó ní mo jẹ gbèsè.
Ní ọjọ́ kẹrin mo san án, àpò kan, ó sì kà á léwé léwé.

Ẹ gbọ́, agogo ń dún. Aboyún ni.
Dìde, fọ ọwọ́ rẹ.
Má bi í pé kí ló jẹ nìkan.