Bọ́tà Kò Sọ̀ Kalẹ̀

Aago méje òwúrọ̀, oṣù kẹta, ní Edmọ́ntìn.
Yìnyín ilẹ̀ yọ́ lánàá, ó tún dì lóru.
Mo ṣílẹ̀kùn ilé adìẹ, mẹ́ta sáré jáde.
Ẹ̀kẹrin, Bọ́tà, dúró lórí ọ̀pá,
ó ká ọrùn wọ ara bí ẹni tí wọ́n bá wí.
Mo fọ́n àgbàdo sílẹ̀. Kò wò ó.
Adìẹ tí kò wo àgbàdo,
ẹ má bi mí bóyá ara rẹ̀ le.

Ṣé òtútù ni? Ogbe rẹ̀ kò dúdú létí.
Mo tú ìyẹ́ abẹ́ apá rẹ̀, mo ń wá iná
bí wọ́n ti ń wá a lórí ọmọ iléèwé: kò sí.
Mo yí àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ sókè: kò sí egbò.
Mo tẹ àjẹsí rẹ̀, àpò kékeré abẹ́ ọ̀fun yẹn:
ó rọ̀, ó ṣófo, bó ṣe yẹ kó rí láàárọ̀.
Àwọn àgbà kúkú ti sọ ọ́: adìẹ ń làágùn,
ìyẹ́ ni kò jẹ́ ká mọ̀.

Ilé ìtọ́jú arúgbó ni mo ti ń ṣiṣẹ́ òru, ọdún kẹsàn-án rè é.
Ọ̀gbẹ́ni Halvorsen kì í sọ pé inú ń run òun;
á kàn máa ka bọ́tìnnì ẹ̀wù rẹ̀ láti òkè dé ìsàlẹ̀,
èmi á sì lọ pe nọ́ọ̀sì.
Nítorí náà mo dojú garawa dé, mo jókòó lé e,
mo ń wo Bọ́tà.
Ìdí rẹ̀ ń lọ sókè, ó ń bọ̀ nílẹ̀ pẹ̀lú èémí kọ̀ọ̀kan,
bí ẹni ń ti ilẹ̀kùn tí ẹlòmíràn ń tì padà.

Dókítà ẹranko ní kí n mú igba dọ́là wá,
lórí adìẹ tí mo rà ní méjìlélógún.
Mo pe àbúrò mi Gbádérò ní Ìkirè.
Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi wúkọ́:
“Ẹ̀gbọ́n, ata mélòó ló kù nílé?”
Fadérera gbọ́ ọ láti orí àtẹ̀gùn.
“Dádì, ata kí ni?”

Orísíà, ìyá àgbà ará Yukiréníà tó wà lẹ́yìn ọgbà,
fi bàtà òjò rìn wá lórí yìnyín.
Ó bọ́ ìbọ̀wọ́, ó fẹnu fẹ́ ìka kó lè gbóná,
ó tẹ ìsàlẹ̀ ikùn adìẹ, ó dijú.
“Ẹyin ni,” ó ní. “Ó há.”

Omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ nínú ọpọ́n tí mo fi wẹ Fadérera lọ́mọ ọwọ́,
iyọ̀ Epsọ́mù ìkúnwọ́ kan.
Bọ́tà jókòó sínú rẹ̀ bí olóyè.
Mo gún èèpo ẹyin kúnná, mo pò ó mọ́ yógọ̀ọ̀tì,
mo fi ìka tọ́ ọ sí i lẹ́nu.
Páálí ìlédìí, aṣọ ìnura, ẹ̀gbẹ́ ẹ̀rọ amúlégbóná, òkùnkùn.
Mo pe ibi iṣẹ́: ara ẹnìkan kò yá nílé.
Wọ́n ní ta ni?
Mo ní àbúrò Fadérera.

Òru ń lọ. Ẹ̀rọ ń tàn, ó ń kú.
Fadérera kọ̀, kò sùn; ó fi ẹ̀yìn ọwọ́ kan iwájú orí mi.
“Dádì, ẹ̀yin náà ń làágùn.”

Aago méjì ku díẹ̀, ohun kan bọ́ sórí aṣọ, kò dún:
ẹyin tí kò ní èèpo,
ó rọ̀ bí awọ etí, ó ń gbọ̀n lọ́wọ́ mi.
Bọ́tà kò ké bí adìẹ tó yé. Ó mu omi.
Orísíà ti kìlọ̀ pé ó lè tún há lọ́la,
tàbí lọ́tùn-únla, tàbí kó máà há mọ́.

Ilẹ̀ mọ́. Mo gbé e jáde.
Àwọn mẹ́ta yòókù ṣá a lórí,
wọ́n ń bi í níbi tó sùn.
Mo fọ́n àgbàdo.
Ó wò ó, ó wò mí, ó ṣá ẹyọ kan.
Mo kà á.