Àfòmọ́

Lóru ọjọ́ náà, Bàbá mi kò sùn.
Ó mu oògùn ìṣunú, jọ́ọ̀gì méjì gbáko,
ó ní ó dà bí omi iyọ̀ tí wọ́n fi ọsàn tàn jẹ.
Títí àkùkọ Òkè-Àgùnlá fi kọ,
ṣáláńgá ló di ìyẹ̀wù rẹ̀.
Mo gbé àtùpà dúró lẹ́nu ọ̀nà, mo dijú.
Ẹni tó fi ọdún mẹ́rìnlélógójì ká kòkó
kò fẹ́ kí ọmọ òun máa ka iye ìgbà tí òun wọlé.
"Ó ti mọ́," ló wí nígbẹ̀yìn. "Omi lásán ni."

Ní Àkúrẹ́, wọ́n ti sọ pé inú ni àwọn yóò là.
Ohun tó hù sínú ìfun rẹ̀ tẹ́ pẹrẹsẹ,
kò lórí, kò lọ́rùn tí èèyàn lè dì mú,
ó lúgọ sẹ́yìn ìṣẹ́po ẹran bí ajigbèsè.
Bàbá gbọ́ "là", ó gbé fìlà rẹ̀,
ó di Oǹdó.

Yàrá tútù. Dókítà Ọlọ́runtọ́ba,
obìnrin kúkúrú tó ń gun àpótí kó tó lè ṣiṣẹ́,
fi okùn dúdú kan hàn án: iná wà lórí rẹ̀, ojú wà lórí rẹ̀.
"Ibi tí oúnjẹ ń gbà jáde la ó gbà wọlé, Bàbá."
Bàbá yíjú sí ògiri.

Wọ́n jẹ́ kí n wò ó lójú ẹ̀rọ.
Mi ò mọ̀ pé inú bàbá mi pupa tó bẹ́ẹ̀,
pé ó ń dán bí ojú ọ̀nà lẹ́yìn òjò.
A yí kọ́nà, a tún yí kọ́nà,
iná bà lé e. Ó fẹ̀ tó awẹ́ obì.

Dókítà kò tíì gé e.
Ó fi abẹ́rẹ́ fún omi aláró sábẹ́ rẹ̀, díẹ̀díẹ̀,
ohun náà gbéra
bí ẹní tí àgbàrá wọ abẹ́ rẹ̀.
Bàbá, tí oògùn oorun ò tíì gbé lọ tán, bá sọ̀rọ̀:
"Àfòmọ́ ni. Kò légbò, gbogbo igi ló ń bá tan.
Ẹ má fipá fà á o, ẹ ó bó èèpo kòkó."
Nọ́ọ̀sì rẹ́rìn-ín sínú ìbòmú.
Dókítà ò rẹ́rìn-ín. "Bẹ́ẹ̀ ni, Bàbá. Ẹ ṣeun."

Wáyà yọ, ó di òrùka, ó yí i ká,
ni iná bá lọ.

Òrùka ṣì wà lọ́rùn nǹkan náà
nínú òkùnkùn bàbá mi.
Ọwọ́ Dókítà kò fún, kò tú.
Ẹnìkan sáré sídìí jẹnẹrétọ̀.
Mo kà dé mọ́kàndínlógún.
Iná dé. Ó fún un. Èéfín bíńtín.
Ó já.

Wọ́n fi irin wẹ́wẹ́ mẹ́ta pa ojú egbò náà dé
bí ìgbà tí a fi pẹ́ẹ̀gì mú aṣọ lórí okùn.
Bàbá jí, ó wo ìgò: "Èyí náà nìkan?"

Oṣù mẹ́fà, a ó tún padà lọ wò.
Lánàá, nínú oko ní Bólórundúró,
ó dúró sábẹ́ kòkó kan, ó gbójú sókè
síbi tí àfòmọ́ ti tan òdòdó pupa rẹ̀,
ó na àdá sí mi.
"Ìwọ gùn ún," ló wí.
"Èmi fẹ́ wò ó láti ìsàlẹ̀."