Igi Kan, Àgbélébùú Kan

Ilé mẹ́tàdínlógójì ló wà ní Tolarpa,
nínú aṣálẹ̀ Ṣílè, níbi tí òjò ti gbàgbé ọ̀nà.
Títì kan ṣoṣo ló la àárín wa kọjá,
ó ń sọ̀ bọ̀ gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ láti orí òkè
bí ẹni tó sáré tí kò mọ ibi tí yóò dúró sí.
Ibi tó yẹ kó dúró sí,
ilé ẹ̀kọ́ la kọ́ síbẹ̀.

Ìyá Edelmira jókòó sẹ́bàá fèrèsé,
ìwé àkọsílẹ̀ lórí itan, pẹ́ńsùlù lẹ́yìn etí.
Ọkọ̀ àjàgbé tó ru òkúta bàbà kọjá, ó fa igi kan.
Táńkà tó gbé ásíìdì kọjá,
ó fa igi, ó fi òmíràn dábùú rẹ̀: àgbélébùú.
Ife orí tábìlì ń gbọ̀n,
eyín àtọwọ́dá rẹ̀ ń gbọ̀n nínú ife.
Àwa ń rẹ́rìn-ín. A ní ọjọ́ ogbó ló dé.

Àfi lóṣù kẹjọ tí táńkà kan ń jò,
tó, tó, tó, láti iwájú ṣọ́ọ̀ṣì títí dé afárá,
ẹ̀kán kọ̀ọ̀kan ń rú èéfín bí ìkòkò kékeré.
Ewúrẹ́ Eusebio fi ahọ́n kàn án.
Kò ké lẹ́ẹ̀kejì.
Wọ́n wá da ẹfun sílẹ̀, wọ́n ní ewu kò sí.
Ta ní ń da ẹfun sí ibi tí ewu kò sí?

A pe ìpàdé sínú kíláàsì.
Àwọn àgbà ká eékún sórí àga ọmọdé.
Aṣojú ilé iṣẹ́, Wladimir, bàtà rẹ̀ mọ́ tónítóní,
ó ní, “Ọkọ̀ yín kò ju mẹ́wàá lọ lójúmọ́.”
Ìyá Edelmira tutọ́ sí ìka, ó ṣí ìwé:
“Ọjọ́rú, méjìlélógójì.
Mẹ́tàdínlógún nínú wọn, àgbélébùú.
Mẹ́ta kọjá bí agogo àtilọ sílé àwọn ọmọ ṣe ń dún lọ́wọ́.”

Nígbà náà ni Rosamel dìde lẹ́yìn,
àbíkẹ́yìn rẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ dúdú fún gíríìsì.
“Ìyá mi, èmi ni ọ̀kan nínú àwọn àgbélébùú yẹn.
Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí ẹsẹ̀ mi mọ̀.
Tí mo bá dé orí òkè, bíréèkì a ti gbóná,
a máa rùn bí irun tó kan iná.
Láti ibẹ̀ dé afárá, àdúrà ni mò ń fi wakọ̀.
Ẹ má fi àdúrà mi ṣe òfin ìlú.
Ẹ dá mi dúró lókè. Ẹ ní kí n sọ̀ kalẹ̀,
kí n fọwọ́ kan táyà mi.”

Kò sẹ́ni tó pàtẹ́wọ́. Àga ọmọdé kan ló dún.

Òfin náà wà lára ògiri báyìí, ìlà mẹ́rin péré:
kí ọkọ̀ dúró lókè, kí wọ́n yẹ bíréèkì wò;
kí eré má ju ọgbọ̀n lọ;
kí àjàgbé má kọjá tí agogo ilé ẹ̀kọ́ bá ń lù;
kí ásíìdì gba ọ̀nà iyọ̀ àtijọ́, lẹ́yìn ibojì.
Àwọn òkú ló ń gbọ́ ariwo náà báyìí.
Wọn ò tíì pe ìpàdé.

Ṣùgbọ́n ọ̀nà iyọ̀ jìn,
iye ìrìn ni wọ́n fi ń sanwó fún awakọ̀.
Rosamel pàdánù ìrìn kan lójúmọ́,
ó ta alùpùpù rẹ̀, kò sọ fún ẹnikẹ́ni.
Ìyá rẹ̀ mọ̀. Ta ni yóò ka ọkọ̀ tí kò ní ka ìyẹn?

Lálẹ́, iná méjì ń rìn lọ́ọ̀ọ́kán lẹ́yìn ibojì.
Wọ́n pa, wọ́n tún tàn, lẹ́ẹ̀mejì.
Ó fa igi kan. Pẹ́ńsùlù dúró lókè ìwé,
kò dábùú rẹ̀.
Ife ò gbọ̀n mọ́.
Síbẹ̀, kò tíì sùn.